Àwọn Tó Tọrọ Gáfárà

Odindi sáà kan ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Isundunrin láìmọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ẹ rẹ́rìn-ín o, kò sí wàhálà. Àwọn tó gbọ́n jù yín lọ ti rín in, ojú mi ti gbó sí i.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni mo kọ́ níléèwé olùkọ́, èyí tó máa ń pariwo kà-kà-kà, tí wàá fọwọ́ ti orí rẹ̀ padà tí ìlà bá tán. Nígbà tí ìjọba kó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá wá fún iléèwé wa, pírínsípà ní kí wọ́n kó wọn sí yàrá kan, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó ti ilẹ̀kùn pa. Ojú fèrèsé la ti máa ń wò wọ́n. Ọjọ́ tó gbọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ ló sáré pè mí.

“Ìyá Dáre, ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ ìtẹ̀wé? Ẹ̀yin náà lẹ máa mọ èyí.”

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí mo ṣe di olùkọ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Mo ra ìwé, mo ń kà á. Ohun tí mo bá kà lónìí ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́la. Tí a bá parí, màá tẹ bọ́tìnnì tó wà lára ojú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ á dúdú, màá fi aṣọ bò ó, màá tìlẹ̀kùn, màá máa yan lọ bí ọ̀gá. N ò mọ̀ pé ojú rẹ̀ nìkan ni mo ń pa. Àpótí tó wà nísàlẹ̀, tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà, ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà, pẹ̀lú aṣọ lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣílẹ̀kùn, òórùn nǹkan tó jóná ló pàdé mi. Ọ̀kan ti kú. Mo sọ fún pírínsípà pé iná mànàmáná ló bà á jẹ́. Irọ́ yẹn ń jẹ mí nínú, torí n ò tiẹ̀ mọ ohun tó pa ẹ̀rọ náà, n ò sì rí ẹni bi. Ta ni kí n bi? Gbogbo iléèwé ló gbà pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá Ṣọlá ló gbà mí. Olùkọ́ físíìsì ni ní Èjìgbò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í kan bàtà. Ó gun ọ̀kadà wá bá mi ní Isundunrin, ó ní àwọn ní ẹgbẹ́ kan, Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Afẹ̀rọkọ́ni, ti àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọmọ ní agbègbè Èjìgbò. Ọjọ́bọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n ń pàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láàárín ìlú.

Mo rò pé ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé ni, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo débẹ̀, mo bá àgbàlagbà mẹ́tàlá lórí àga ọmọdé, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọ̀gá Ṣọlá gbé ìwé jáde, ó ń pe orúkọ bí ẹni ń pe ọmọ kíláàsì, orúkọ bàbá ṣáájú. Kò sí “Ọ̀gbẹ́ni,” kò sí “Ẹ̀gbọ́n,” kò sí “Ìyá Lágbájá.” Òfin ẹgbẹ́ ni. Ó ní nínú yàrá yẹn kò sí àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wa. Tí wọ́n bá ti pè ọ́, wàá ní “Mo wà.” Lẹ́yìn ìyẹn ló wá béèrè ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n dìde sá lọ.

“Kí ló dójú tì yín lóṣù yìí?”

Ìjẹ́wọ́ ni wọ́n ń pè é. Oníkálukú máa sọ ohun kan tó ṣe níwájú àwọn ọmọ tó fi hàn pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín títí wàá fi parí. Tí o bá parí, wọ́n á rín in dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọ̀nà hàn ọ́. Ohun tí a bá sọ kò sì gbọdọ̀ jáde ní yàrá.

Wàhábì, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ẹ̀rọ kan ní fáírọ́ọ̀sì níléèwé àwọn, òun sì lé gbogbo ọmọ sẹ́yìn, òun ní kí wọ́n lọ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ó má baà ràn wọ́n. Mo bu ètè mi jẹ kí ẹ̀rín má baà yọ. Ó wá kàn mí. Mo sọ ti bọ́tìnnì, mo sọ ti aṣọ, mo sọ ti èyí tó kú. Mo parí. Àfi gbàmù! Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, ẹyẹ orí máńgòrò ìta fò lọ.

Ọ̀gá Ṣọlá nu ojú rẹ̀ nù. “Ó dáa. Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa?”

Ọwọ́ méjì gòkè, díẹ̀díẹ̀.

Ó kọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe ń pa kọ̀ǹpútà. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé mi padà sí Isundunrin, mo sunkún, kì í ṣe ti ìbànújẹ́ o. Ara mi ló fúyẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Wọ́n kó ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan lé mi lọ́wọ́. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà méjì: Àwọn tó wá, àti Àwọn tó tọrọ gáfárà. Òfin Ọ̀gá Ṣọlá ni pé ẹni tí kò bá ní lè wá gbọ́dọ̀ ránṣẹ́. Kò ṣe àyè kankan fún ẹni tó kàn dákẹ́, torí nígbà yẹn kò sẹ́ni tó ń dákẹ́. A kún yàrá náà fọ́fọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá bàjẹ́ á gbé e wá, a ó tú u palẹ̀ lórí tábìlì, a ó máa jẹ ẹ̀pà, a ó máa jiyàn. Bàbá Dáre, ọkọ mi, máa ń bú mi nílé pé Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ mi gidi. Mo máa ń dá a lóhùn pé òun náà kúkú mọ ibi tí ọkọ mi ń gbé, kó lọ bá a jà.

Bí èèyàn ṣe ń tán ní Èjìgbò, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń dágbére pé òun lọ pátápátá. Wọ́n gbé ẹnì kan lọ síléèwé ní Ìwó. Ẹnì kan bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Ọ̀gá Ṣọlá fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gbé e lọ sí Àbújá. Ó ń pè mí níbẹ̀rẹ̀, títí etí rẹ̀ fi di, tí kò gbọ́ mi lórí fóònù mọ́. Àwa méjì la kù nígbẹ̀yìn, èmi àti Wàhábì. A ṣì ń pe orúkọ, a ṣì ń jẹ́wọ́ fún ara wa. Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Abíjáàn ránṣẹ́ pè é pé kó wá bá òun dúró ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo sìn ín dé gáréèjì. Ó ti wọlé sínú ọkọ̀ kó tó yọrí lójú fèrèsé.

“Ẹ̀gbọ́n, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ o. Mo tọrọ gáfárà.”

Àwàdà ló ń ṣe. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, mo kọ ọ́ lóòótọ́. Mo kọ orúkọ Wàhábì síbi àwọn tó tọrọ gáfárà, mo fi “Abíjáàn” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo wá wo orúkọ méjìlá yòókù. Tí n ò bá kọ wọ́n síbì kankan, ó dà bíi pé wọn ò sí láyé mọ́. Mo kó gbogbo wọn síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe lóṣù tó tẹ̀ lé e, ló bá di àṣà.

Bàbá Dáre kú láàárín ìgbà yẹn. Dáre fúnra rẹ̀ wà ní Abíjáàn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. N ò ní purọ́ fún yín, mo dá wà. Ilé dákẹ́, yàrá ìpàdé náà dákẹ́, àmọ́ ti yàrá ìpàdé sàn fún mi. Ní Ọjọ́bọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù, màá wọ bọ́ọ̀sì láti Isundunrin, màá ṣí fèrèsé, màá gbálẹ̀, màá nu eruku orí àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé wá fún àtúnṣe tí wọn ò padà wá gbé. Wọ́n tò yí ògiri ká, gbogbo wọn ti kú. Lẹ́yìn náà màá jókòó, màá ṣí ìwé, màá pe orúkọ mẹ́rìnlá jáde lẹ́nu. Màá dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Tí mo bá dé orí tèmi, màá ní, “Mo wà.” Ẹ lè pè mí ní wèrè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é.

Ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà, Alhaja Sàídátù. Ọmọ Èjìgbò ni, àmọ́ Abíjáàn ló dàgbà sí, ọ̀rọ̀ Faransé sì máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó sì sọ tẹnu rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Abẹ́ máńgòrò ni kíláàsì kẹrin mi ń jókòó sí, òjò sì ti dé. Òkú ẹ̀rọ ló kún yàrá yìí. Ẹgbẹ́ yín ọ̀hún, ṣé ó ṣì wà?”

“Ó wà kẹ̀!” Mo tètè dáhùn jù.

“Dákọ́ọ̀.” Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tó bá ti gbọ́. “Màá yọjú sí ìpàdé yín tó ń bọ̀. Tí mo bá bá èèyàn níbẹ̀, màá wá ibòmíràn fún àwọn ọmọ. Tí n ò bá bá èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba yàrá náà.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ tí òjò ń pa kò ṣeé bá jà. Àmọ́ tí yàrá náà bá lọ, ẹgbẹ́ Ọ̀gá Ṣọlá ti parí nìyẹn, ọwọ́ èmi ló sì parí sí, lóṣù tí iṣẹ́ mi náà ń parí.

Mo gbéra. Mo tẹ ìwé ìpè, mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè rẹ̀ pé “Ẹ WÁ GBA ÌMỌ̀ Ẹ̀RỌ LÁTỌ̀DỌ̀ ÀWỌN ÀGBÀ OLÙKỌ́.” Àgbà olùkọ́ dà? Èmi nìkan. Mo gbé e ká gbogbo iléèwé tí ẹsẹ̀ mi lè dé. Ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, olùkọ́ kan bá mi sọ̀rọ̀ láìgbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀.

“Mọ́mì, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí fóònù báyìí. Kò sóhun tá ò mọ̀.”

“Gbogbo rẹ̀ pátá?”

“Gbogbo rẹ̀, Mà.”

Gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn mọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n ní àwọn máa wá, lágbára Ọlọ́run. Inú mi dùn, òmùgọ̀ èmi yìí. Mo ra ẹ̀pà tó lè tó ogún èèyàn.

Ọjọ́bọ̀ náà dé. Òjò rọ̀ láti ọ̀sán. Aago mẹ́rin lù, kò sẹ́ni. Mo to àga, mo bu ẹ̀pà sínú abọ́. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá kọjá lọ́nà ni mo ń na ọrùn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí, Alhaja wọlé, ó ń gbọn agbòjò rẹ̀, báàgì ńlá kan sì wà léjìká rẹ̀. Ó wo àga, ó wo ẹ̀pà. Ó na ọwọ́ sí ìwé tó wà níwájú mi.

“Ṣé mo lè wò ó?”

Ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbọ́ ìró òjò lórí páànù. Ó ṣí i padà sẹ́yìn, ó tún ṣí i síwájú.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn mẹ́tàlá yìí, oṣooṣù ni gbogbo wọn ń tọrọ gáfárà?”

Mo ti abọ́ ẹ̀pà sí i.

“Ẹni tó lọ sí Abíjáàn yìí náà? Oṣooṣù?”

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà lẹ́nu mi. Àmọ́ inú yàrá yẹn la wà, n ò tíì purọ́ nínú yàrá yẹn rí, àfi nínú ìwé yẹn.

“Irọ́ ni, Alhaja. Ẹnikẹ́ni ò tọrọ gáfárà. Wàhábì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń fi ṣàwàdà ni. Àwọn yòókù ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mò ń tọrọ ẹ̀ fún wọn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń dá jókòó síbí.”

Mo ń wo abọ́ ẹ̀pà kí n má baà wo ojú rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé yàrá náà fún un.

Ó rọra pa ìwé dé. “Kí lẹ wá ń ṣe níbí tí ẹ bá dá wà?”

“Mò ń pe orúkọ.”

“Nígbà tí ẹ pọ̀ ńkọ́, kí lẹ máa ń ṣe?”

Mo sọ fún un. Mo sọ ti àga ọmọdé, mo sọ ti Ìjẹ́wọ́, mo sọ ti Wàhábì àti ọṣẹ ìfọwọ́. Ó ń wò mí.

“Tẹ́lòmíràn ò bá sí níbí láti gbọ́, tiyín ti oṣù yìí ńkọ́? Ta lẹ sọ ọ́ fún?”

Ìbéèrè yẹn ló gún mi. Ohun tí mo pàdánù gan-an nìyẹn, kì í ṣe yàrá. N ò rí ẹni sọ ìtìjú mi fún. Mo bá sọ ọ́ fún òun.

Mo ní ní sáà tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ tẹ ojú ewé kan nípa iṣẹ́ àwọn òbí wọn àgbà. Ọmọbìnrin kan tẹ ti ìyá ìyá rẹ̀, bó ṣe ń kọ ebè, bí ìrì ṣe ń rin ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe ń bá iṣu sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó dùn dé egungun. Mo kà á fún gbogbo kíláàsì, omi bọ́ lójú mi, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dìde. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mà. Fóònù ni mo sọ fún pé kó bá mi kọ ọ́, òun ló kọ ọ́. Ìyá àgbà mi ò lóko, búrẹ́dì ni wọ́n ń tà.” Èmi olùkọ́ kọ̀ǹpútà! N ò mọ̀ pé fóònù ti lè dá sọkún fún ìyá àgbà tí kò sí.

Alhaja ò rẹ́rìn-ín títí mo fi parí. Mo kíyè sí i. Nígbà tí mo wá parí, ó di tábìlì mú, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀. Èmi náà bá a rín in. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín báyẹn.

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wá jókòó lórí àga ọmọdé tó kọjú sí mi.

“Kì í jáde níbí, àbí?”

“Kò jáde rí.”

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó tú ìborùn kan. Tábúlẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n pín fún àwọn ọ̀gá iléèwé láti máa fi orúkọ ọmọ àti olùkọ́ ránṣẹ́ láràárọ̀. Ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa, wọ́n béèrè pé ṣé ó yé wa, gbogbo gbọ̀ngàn ní ó yé àwọn, èmi náà ní ó yé mi. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Òṣogbo ni nǹkan yìí ń gbé. Àràárọ̀ ni mò ń ka orúkọ fún un lórí fóònù, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sókè òkun. Òwúrọ̀ yìí, lẹ́yìn tó tẹ tòní tán, ló fi í ránṣẹ́ sí mi nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá a ṣe.” Ó fi etí ìborùn nu imú. “Ẹni tí mo bá sì bi níléèwé mi, ọ̀gá wọn ni mí.”

Iléèwé tó wà ní Èjìgbò, tó ń dáhùn orúkọ láti Òṣogbo! Mo dúró kó parí. Lẹ́yìn náà mo rín in dáadáa, bí òfin ṣe sọ, òun náà sì bá mi rín in. Mo wá fa àga mi súnmọ́ ọn, mo fi bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn án. Nígbà tí ojú ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, ó ní “Ah bon!” bí ọmọdé. A jẹ ẹ̀pà, a tẹ orúkọ kíláàsì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òjò dá kó tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

“Àwọn ọmọ máa lo yàrá yìí o, Ẹ̀gbọ́n. N ò ní tàn yín.”

“Mo mọ̀. Màá kó àwọn òkú ẹ̀rọ yìí kúrò fún wọn.”

“Àmọ́ aago méjì ni wọ́n ń lọ sílé. Aago mẹ́rin ni tiyín.” Ó wo ìwé. “Tiwa.”

Mo gbé bíírò. Mo fa ìlà sórí orúkọ Ọ̀gá Ṣọlá, mo fa ìlà sórí ti Wàhábì, títí mo fi fa mẹ́tàlá tán, ọwọ́ mi ò yá rárá. Síbi àwọn tó tọrọ gáfárà, mo kọ “Kò sí.” Mo kọ orúkọ Alhaja sísàlẹ̀ tèmi. Mo pè é, orúkọ bàbá ṣáájú, ó sì ní, “Mo wà.”

Mo wá ti ìwé sí i. “Ó kù ẹnì kan. Ẹ pe tèmi.”

Ó fò sẹ́yìn. “Háà! Èmi kẹ̀? Kí n la ẹnu pe orúkọ yín gbàǹgbà? Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni yín!”

“Òfin ẹgbẹ́ ni, Alhaja. Kò sí àgbà nínú yàrá yìí.”

Ó wo ìwé, ó wò mí. Ó kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ìwé lọ́wọ́, ojú nílẹ̀.

“Oyèlékè Àdùkẹ́.”

Ọdún mẹ́rin, kò sí ẹnu mìíràn tó pe orúkọ mi nínú yàrá yẹn. Mo ní kó tún un pè, kí n tún un gbọ́. Ó tún un pè.

“Mo wà,” ni mo wí.